Ẹ ka ọdún kí ẹ tó ka owó: ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Odo-Owa àti owó igi

Àwọn àgbà ní bí a bá rọra pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin àgbẹ̀ sọ lónìí ń fẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Odo-Owa, Iloffa, Ekan-Meje, Idofin, Ayedun àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Oke-Ero, títí dé Osi àti Araromi-Opin ní ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí owó tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ pé kó gbin igi, kó má gé igbó, kó sì tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀.

Irú ètò yìí kì í ṣe àjèjì mọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ó ti wáyé ní Uganda, Kenya, Mozambique àti Ghana. Ní Nàìjíríà níbí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dé ìpínlẹ̀ Cross River. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbé ìwé rẹ̀ wá sí ojúlé yín, tó ní kí ẹ tẹ̀ka síbẹ̀, kí ni ẹ máa bi í? Ohun tí à ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ ka iye ọdún tó wà nínú ìwé náà kí ẹ tó ka iye owó. Owó a máa tètè tán, àdéhùn kì í tètè tán.

Kí ni wọ́n ń pè ní owó igi?

Igi tó ń dàgbà a máa fa èéfín tó ń mú ayé gbóná, a sì máa fi í pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí a bá gé e, tí a dáná sun ún tàbí tí a fi í sun èédú, èéfín náà á padà sínú afẹ́fẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun, tí ẹ̀rọ wọn ń tú èéfín jáde, wá ń sanwó fún àwọn tó bá gbin igi tàbí tó dá igbó sí, kí àwọn náà lè sọ pé àwọn ti ṣe ètùtù èyí tí àwọn tú jáde. Tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń wọn èéfín yìí, wọ́n sì ń tà á bí ẹni ta kòkó. Alágbàtà ló máa ń wà láàárín. Òun ló ń bá àgbẹ̀ ṣàdéhùn, òun ló ń rán àwọn tó ń ka igi, òun náà ló sì ń wá oníbàárà.

Oríṣi kejì ni èyí tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń san. Ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, láti ọdún 1997 ni ìjọba ti ń san owó fún àwọn tó ní igbó, inú owó-orí epo mọ́tò ni wọ́n sì ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ má da àwọn méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ ètò ACReSAL tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó 700 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò náà, fún ìpínlẹ̀ 19 ní Àríwá àti Abuja, Kwara sì wà lára wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ ṣe, láti dẹ́kun ọ̀gbàrá, láti gbin igi, àti láti ran àwọn ẹgbẹ́ inú ìlú lọ́wọ́. Ẹ̀yáwó ìjọba nìyẹn. Kì í ṣe ọjà tí àgbẹ̀ ti ń ta èéfín tó wà nínú igi rẹ̀.

Bákan náà, ẹni tó bá wá fi fóònù wọn oko kòkó yín lè má mú owó igi kankan lọ́wọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní ọdún 2023 pé kòkó tó bá wá láti ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú, òpin ọdún 2026 ni wọ́n sì sún un sí fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Nítorí òfin yìí ni àwọn tó ń ra kòkó ṣe fẹ́ mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà. Ìyẹn lè jẹ́ kí kòkó yín rí ọjà, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó igi. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọn oko yín, ẹ bi í pé èwo ló bá wá nínú méjèèjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Uganda

Láti ọdún 2011 sí 2013, àwọn onímọ̀ ṣe ìdánwò kan ní agbègbè Hoima àti Kibaale, lápá ìwọ̀-oòrùn Uganda. Abúlé 121 ni wọ́n lò. Ní 60 nínú wọn, wọ́n sọ fún àwọn tó ní igbó pé bí wọn kò bá gé igi wọn, àwọn yóò máa san 70,000 owó ṣílè Uganda lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Nǹkan bí dọ́là 28 nìyẹn nígbà náà. Hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì ààbọ̀. Ní àwọn abúlé yòókù, wọn kò san nǹkan kan.

Nígbà tí ọdún méjì pé, igbó àwọn abúlé tí wọn kò sanwó fún ti dín kù pẹ̀lú ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn abúlé tí wọ́n sanwó fún dín kù pẹ̀lú ìdá 4.2 péré. Kò sí iyàn jíjà níbẹ̀, owó náà ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó kù. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inú ètò náà, 32 péré ló wọ̀ ọ́. Lára ohun tó dá àwọn yòókù dúró ni ìbẹ̀rù pé ọgbọ́n àtigba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ni. Ṣé òpè ni wọ́n? Rárá o. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àwa náà ní Kwara kò gbàgbé pé ní ọdún 2005, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ mú àwọn àgbẹ̀ òyìnbó 13 wá láti Zimbabwe sí Shonga, àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà ní láti kó kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n san owó gbà-má-bínú.

Síbẹ̀, ìbẹ̀rù náà ní owó tirẹ̀. Ẹni tó ní igbó tí kò tiẹ̀ ní i lọ́kàn láti gé, tó sì kọ ètò náà, owó ọdún méjì ló fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó fi ń ṣòro nìyẹn. Ẹni tó gbà lè kábàámọ̀, ẹni tó kọ̀ náà lè kábàámọ̀.

Ilẹ̀ wo ni ká fi sí i?

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní hẹ́kítà mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ oko kòkó tó ti gbó. Ọ̀kan ni ibi tó ń kọ ebè iṣu sí, tó sì ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ẹ̀kẹta jẹ́ etí òkè olókùúta tí ọkọ́ kì í wọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò san iye tí wọ́n san ní Uganda, dọ́là 28 ni hẹ́kítà kan yóò mú wá lọ́dún. Lórí etí òkè, èrè ni, nítorí kò ti ibẹ̀ rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Lórí ilẹ̀ iṣu, kó ka iye tí ebè rẹ̀ ń mú wá, kó yọ owó iṣu gbíngbìn àti owó lébìrà kúrò, kó wá wò ó bóyá dọ́là 28 súnmọ́ ọn. Ìṣirò yẹn kò nílò ọ̀mọ̀wé, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù.

Ní ti oko kòkó, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Kòkó fẹ́ràn ìbòòji, bí wọ́n bá sì ní kó gbin igi ńlá díẹ̀ sáàárín rẹ̀, oko náà lè jàǹfààní láìpàdánù kòkó. Ṣùgbọ́n kó rántí pé owó kòkó kì í dúró lójú kan. Lópin ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí ìdajì iye yẹn. Bí àdéhùn bá ní kò gbọdọ̀ gé igi kankan, tí kòkó sì tún gbówó lérí, kò ní lè fẹ oko rẹ̀ lójú.

Ètò mìíràn wà tó jẹ́ pé igi ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ilẹ̀. TIST ni wọ́n ń pè é, Tanzania ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ó sì ti dé Kenya àti Uganda. Àwọn àgbẹ̀ a kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́ kéékèèké, ènìyàn mẹ́fà sí méjìlá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ a máa wá ka igi tó yè, wọ́n a sì wọn ìdí rẹ̀. Nǹkan bí sẹ́ńtì méjì Amẹ́ríkà ni wọ́n ń san ṣáájú lórí igi kan lọ́dún, wọ́n sì ṣèlérí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún èrè nígbà tí wọ́n bá ta èéfín náà. Ẹni tó bá ní 500 igi, dọ́là mẹ́wàá ni owó ìṣáájú rẹ̀ lọ́dún. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ló ni igi, èso àti igi ìdáná tó bá ti inú rẹ̀ wá.

Ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni igi?

Nílẹ̀ Yorùbá, igi kì í ṣe igi lásán. Ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, kó sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọjọ́ tó bá gbin kòkó, obì tàbí kaṣú ni ọ̀rọ̀ máa ń di ti ẹbí. Ìdí ni pé iṣu a kúrò nílẹ̀ láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n igi a máa jẹ́rìí fún ẹni tó gbìn ín. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kì í ṣe í gbà kí ẹni tó gba ilẹ̀ dá gbin igi.

Owó igi wá dé, ohun tí àwọn onílẹ̀ ń kà léèwọ̀ yẹn gan-an ló ní ká ṣe. Bí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ bá tẹ̀ka, onílẹ̀ á ní ó fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Bí onílẹ̀ bá tẹ̀ka, ẹni tó ti ń dáko níbẹ̀ láti ogún ọdún lè pàdánù oko rẹ̀ kí ilẹ̀ lè kún fún igi. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bàbá bá dá tẹ̀ka lórí ilẹ̀ ẹbí, àwọn ọmọ ìyá kejì á pè é lẹ́jọ́. Opó tó ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ ń kọ́? Òun ló ń roko, òun ló ń bomi rin igi, ṣùgbọ́n orúkọ ta ni wọn yóò kọ sínú ìwé?

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, kó máa mójú tó o fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀. Ìwé igi tí a bá kọ láìfi ẹbí mọ̀ lè dá ogun sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò bára wọn jà rí.

Ẹ tún wo Ghana. Lábẹ́ òfin wọn, ìjọba ló ni igi gẹdú tó bá dá hù nínú oko. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kòkó ṣe ń fa irú igi bẹ́ẹ̀ tu nígbà tó ṣì kéré, kí àwọn agégẹdú má baà wá ba kòkó wọn jẹ́ lọ́la. Igi tí àgbẹ̀ kò bá ní, kò ní tọ́jú rẹ̀.

Ọdún mélòó?

Ní Mozambique, létí ọgbà ẹranko Gorongosa, ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Nhambita ní ọdún 2003. Ọdún méje ni wọ́n fi ń san owó fún àgbẹ̀ tó gbin igi. Ṣùgbọ́n ojúṣe àtitọ́jú igi náà kò parí ní ọdún keje. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ka èéfín inú igi náà, àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ sì figbe ta pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni yóò jogún iṣẹ́ tí wọn kò ní jogún owó rẹ̀.

Ní Uganda, ètò mìíràn wà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 kan náà. Wọ́n pín owó náà sí ìgbà márùn-ún. Ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún kẹwàá ni ti ìkẹyìn. Àdéhùn náà sì tó ọdún 25. Bí ọkùnrin ẹni ọdún 60 bá tẹ̀ka sí irú rẹ̀, ẹni ọdún 70 ni nígbà tí owó bá tán, ẹni ọdún 85 ni nígbà tí àdéhùn bá parí. Ta ni yóò máa ro ìdí igi náà?

Owó ta ni?

Ní Cross River, ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de gígé gẹdú ní ọdún 2008, wọ́n sì fojú sọ́nà pé owó igbó yóò ti òkèèrè wá. Àwọn ará Ekuri wà níbẹ̀, àwọn tó ti ń tọ́jú igbó tó lé ní 33,000 hẹ́kítà fúnra wọn, tí wọ́n sì gba ẹ̀bùn àgbáyé lórí rẹ̀ ní ọdún 2004. Wọ́n ti ń gé díẹ̀ nínú igbó náà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ètò, láti fi ṣe ọ̀nà àti láti fi rán ọmọ nílé ìwé. Òfin náà dá ìyẹn dúró. Igbe tí àwọn ará abúlé létí igbó ń ké láti ìgbà náà ni pé èyí tí àwọn ń rí lọ, èyí tí wọ́n ṣèlérí kò sì tẹ àwọn lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹta ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ìlẹ̀kùn ètò tí wọ́n fi ń sanwó ìtọ́jú ilẹ̀ fún àgbẹ̀ wọn lójijì, wọ́n ní owó ti tán. Àwọn tó ti ní ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ń gba owó wọn lọ. Àwọn tó ṣì ń múra sílẹ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí igi bá kú ńkọ́?

Ẹ mọ̀ pé nígbà ọyẹ́, iná kan láti oko ọdẹ lè jó iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá. Màlúù àwọn darandaran lè jẹ ọ̀gbìn tuntun tán lóru ọjọ́ kan. Èyí tó tún burú ni ti àwọn ajínigbé. Ní Oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n pa Olúkòró ti ìlú Koro nínú ààfin rẹ̀, ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n sì ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku. Ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ni ìlú méjèèjì wà. Àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko nítorí ẹ̀mí rẹ̀ kò lè ro ìdí igi. Àdéhùn tó bá ní àgbẹ̀ ni yóò dá owó padà bí igi bá jóná tàbí bó bá kú, gbèsè ni, ẹ má pè é ní owó igi.

Ohun tí ẹ máa bèèrè

Àkọ́kọ́, ọdún mélòó ni owó, ọdún mélòó sì ni àdéhùn? Ìkejì, ta ló ni igi àti èso rẹ̀, ṣé a lè gé e bó bá gbó? Ìkẹta, orúkọ ta ni ìwé yóò wà, ṣé ẹbí àti ẹni tó ń dáko níbẹ̀ ti gbọ́? Ìkẹrin, ibo ni owó ti ń wá, ta ni a ó mú bí kò bá dé? Ìkarùn-ún, bí ẹ bá ta èéfín inú igi wa, èló ni ẹ tà á, èló ló kàn wá? Ìkẹfà, bí iná, màlúù tàbí ajínigbé bá dé, ta ni yóò ru òfò náà? Ìkeje, báwo ni a ṣe lè jáde bí a kò bá fẹ́ mọ́?

Ẹni tó bá wá pẹ̀lú òótọ́ yóò dáhùn gbogbo rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń kánjú, tó ní ònìí ni kí ẹ tẹ̀ka, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

A kò sọ pé kí ẹ lé àlejò. Ilẹ̀ tó ti rẹ̀, etí òkè, bèbè odò tí ọ̀gbàrá ń wó, gbogbo wọn ló ń wá igi, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ sanwó fún ìyẹn, kí ló dé tí a ò ní gbà á? Ẹ fi apá ibẹ̀ sí i, kí ẹ fi ilẹ̀ oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ohùn yín lè tó.

Kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ mú ìwé náà wá sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sókè fún gbogbo ẹbí. Ẹ fi ìka ka ọdún rẹ̀, kí ẹ wá wò ó nínú àwọn tó jókòó pé ta ni yóò ṣì wà láyé nígbà tó bá parí. Onítọ̀hún ni kó jókòó ti bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ka, nítorí òun gan-an ni wọ́n ń bá ṣàdéhùn.